Ṣé Ó Tọ́ Kí A Fi Ìbẹ̀rù Ìdánwò Polówó Ọjà?

Àwọn baba wa ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. A máa ń pa òwe yìí láti gba oníṣòwò níyànjú pé kó má dákẹ́ sídìí ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún inú òwe náà wò. Oògùn ni àgúnmu. Oògùn sì ní ìwọ̀n: a kì í da gbogbo rẹ̀ sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, a kì í fún ọmọdé ní ìwọ̀n àgbà, ẹni tó gún un sì gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ìpolówó bá jẹ́ àgúnmu lóòótọ́, a jẹ́ pé òun náà ní ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ìwọ̀n yẹn ni mo fẹ́ wá nínú àròkọ yìí.

Iṣẹ́ kan tí olùkọ́ wa yàn fún wa ni ó gbé ìbéèrè náà wá. Wọ́n ní kí a ṣe bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ gbé ohun mímu afúnnilágbára tuntun jáde ní Ìlọrin, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní énájì, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó fẹ́ kí ó rà á. Kí a wá to ètò ìpolówó rẹ̀. Ibi tí a ó ti polówó kò pẹ́ wa rárá: Tanke ni, níbi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin ń gbé. Ìgbà náà kò sì gba àríyànjiyàn: ọ̀sẹ̀ ìdánwò. Ẹnì kan wá mú gbólóhùn wá pé ẹni tó bá mu ún kò ní fìdí rẹmi. Àwọn ará ẹgbẹ́ wa pàtẹ́wọ́. Mo béèrè pé, “Ṣé òtítọ́ ni?” Ó dá mi lóhùn pé, “Ta ló ń béèrè òtítọ́ lọ́wọ́ ẹ? Ìpolówó là ń ṣe.”

Ìdáhùn yẹn kò ṣàì ní ìdí. Ó ti mọ́ wa lára kí ọlọ́jà fi ẹnu gbé ọjà rẹ̀ ga. Bí o bá dé Ọjà Ọba tàbí Ìpàta, o lè gbọ́ kí oníwàrà máa sọ pé irú wàrà òun kò sí ní gbogbo ayé. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́. Kí ló fà á? Wàrà náà wà níbẹ̀ nínú igbá. Oníbàárà ń fojú rí i, ó lè tọ́ ọ wò, ó sì lè kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ojú àti ahọ́n oníbàárà ló ń dá àsọdùn ọlọ́jà lẹ́jọ́.

Ohun mímu afúnnilágbára kò rí bẹ́ẹ̀. Ahọ́n mi lè sọ fún mi pé ó dùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún mi bóyá yóò jẹ́ kí n yege. Inú ara ni ìlérí náà yóò ti ṣẹ, tàbí kí ó má ṣẹ, lẹ́yìn tí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ẹni tó ṣe é mọ ohun tó wà nínú rẹ̀; èmi tí mo rà á kò mọ̀. Níbi tí ìmọ̀ ọlọ́jà bá ti pọ̀ ju ti oníbàárà lọ báyìí, mo gbà pé orí ọlọ́jà ni ẹrù òtítọ́ máa ń wúwo sí.

Kí ló wà nínú agolo náà? Ẹ jẹ́ kí á fi Red Bull ṣe àpẹẹrẹ. Agolo rẹ̀ tó gba mìlílítà 250 ní mílígíráàmù 80 kaféènì, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti ife kọfí kan dọ́gba, àti gíráàmù 27 ṣúgà, tó ju ṣíbí tíì 6 lọ. Kaféènì kì í dá okun tuntun sínú ara. Ọ̀nà tí ọpọlọ fi ń mọ̀ pé ó ti rẹ ara ni ó ń dí. Àárẹ̀ náà kò lọ. A kàn ní kí ó dákẹ́ ni. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì kaféènì náà ṣì wà lára. Ẹni tó mu ún ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì gbé ìdajì rẹ̀ lára ní aago mẹ́ta òru. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kọ́ sí àyè rẹ̀ kí ó má baà sọnù. Nítorí náà, ohun tí wọ́n tà fún akẹ́kọ̀ọ́ pé yóò fi rántí ìwé lè gba oorun tí ó fi ń rántí ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní ara òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń lọ irin ni ìlú wa ti gba orúkọ. Ẹni tó bá ti lọ ọ̀bẹ rí mọ̀ pé lílọ̀ ń jẹ́ kí ó mú, ṣùgbọ́n bí a bá ń lọ̀ ọ́ láìdáwọ́ dúró, ọ̀bẹ yóò tán.

Àwọn kan yóò sọ pé obì náà ní kaféènì, àwọn baba wa sì ti ń jẹ ẹ́ tipẹ́. Òótọ́ ni. Awakọ̀ òru ń jẹ gbàǹja kí oorun má baà gbé e lọ, àgbà sì ń jẹ ẹ́ níbi tó bá jókòó sí. Ṣùgbọ́n obì korò. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń gé e jẹ, ìkorò rẹ̀ ni yóò sì sọ fún wa pé ó tó. Nínú agolo, ṣúgà ti bo ìkorò náà mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ kejì ló jẹ mí lógún jù: n kò tí ì gbọ́ kí olóbì sọ fún ọmọ ilé-ìwé pé bí kò bá jẹ obì, yóò fìdí rẹmi.

Ibí yìí gan-an ni mo rò pé ẹ̀bi wà. Irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ ń ta ìbẹ̀rù kí ó tó ta ohun mímu. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìyá rẹ̀ yáwó láti san owó ilé-ìwé rẹ̀, tó sì mọ̀ pé kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo lè fi ọdún kan kún ọdún òun, kì í ṣe oníbàárà tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó bá lọ dúró dè é ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò mọ ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ẹlòmíràn lè sọ pé ẹni tó ti wọ yunifásítì kì í ṣe ọmọdé mọ́, kí ó fi ọgbọ́n ara rẹ̀ yàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò sọ òtítọ́ fún kò tí ì yan nǹkan kan. Pátákó ìpolówó kì í sì í béèrè ọjọ́ orí; ọmọ ilé-ìwé girama tó ń kọjá lọ ń kà á pẹ̀lú. Orílẹ̀-èdè Lithuania ti fòfin de títà irú ohun mímu yìí fún ẹni tí kò tó ọdún 18 láti 2014, Poland sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024.

Ọ̀rọ̀ Red Bull fúnra rẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Ní 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tà á ní Austria, wọ́n sì ti ń polówó rẹ̀ tipẹ́ pé ó ń fún ènìyàn ní ìyẹ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan pè é lẹ́jọ́. Ní 2014, ilé-iṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti san mílíọ̀nù 13 dọ́là kí ẹjọ́ náà lè parí. Kò sí ẹni tó rò pé ìyẹ́ yóò hù sí òun lẹ́yìn. Irú àsọdùn oníwàrà nìyẹn. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ ni ìlérí tó wà lẹ́yìn ìyẹ́ náà, pé agbára tó ń fúnni ju ti ife kọfí lọ.

Ní ilẹ̀ wa, òfin 2022 fún ARCON ní àṣẹ lórí ìpolówó, NAFDAC sì ń mójú tó oúnjẹ àti ohun mímu. Síbẹ̀, òfin lè ka ohun tí a kọ sára pátákó. Kò lè gbọ́ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe aṣojú sọ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú yàrá. Ẹ̀rí ọkàn nìkan ló lè dé ibẹ̀.

N kò ní kí ilé-iṣẹ́ kankan kógbá sílé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń jẹun nídìí òwò yìí. Ìwọ̀n tí mo rí kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ. Èkíní, ṣé oníbàárà lè fi ojú tàbí ahọ́n dán ìlérí náà wò? Bí kò bá lè ṣe é, kí a kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba: iye kaféènì, iye ṣúgà, ẹni tí kò yẹ kó mu ún. Èkejì, ṣé ọ̀rọ̀ náà ṣì lè wọ ẹni tí ẹ̀rù kò bà létí? Bí kò bá lè wọ̀ ọ́ létí, kí a kúrò ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìdánwò. Ẹ̀kẹta, ṣé ẹni tó kọ ọ́ lè sọ ọ́ níwájú àbúrò rẹ̀ láìfojú sílẹ̀?

Nígbà tí mo kó èyí wá síwájú ẹgbẹ́ wa, wọ́n ní ọjà náà kò ní tà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òtítọ́ bá lè pa ọjà kan, kì í ṣe òtítọ́ ló yẹ kí á ká lọ́wọ́ kò.

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ bá wa dín ìbẹ̀rù yìí kù, kí ẹni tó ń tà á má rí ibi tà á sí. Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò kọ ìpolówó lọ́la. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí ó má bá a lẹ́nu wa.