Ibi tí Koríko Kò Hù Mọ́



Ibi tí a fẹ́ kí ẹ kà nílé lọ́sẹ̀ yìí ni Lúùkù 13, ẹsẹ 6 títí dé 9.

Gbogbo ẹni tí ń bá wa jọ́sìn ní Kàdúná níhìn-ín ni ó mọ koríko iwájú ilé tí àlùfáà wa ń gbé. Nígbà kan rí, ó tẹ́ rẹrẹ bí ẹní. Nígbà tí ó yá, ó di àbùlà, bí orí ọmọ tí lápálápá ń jà. Àwọn kan nínú wa ní ọyẹ́ ni ó pa á. Àwọn mìíràn ní ikán ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní ilẹ̀ náà kò dára, kí a da sìmẹ́ǹtì lé e lórí kí ọ̀rọ̀ tán.

Bàbá kan nínú ìjọ wa, tí ó ti fi ọjọ́ pípẹ́ tọ́jú ọgbà, wá wò ó. Ó ki ọ̀bẹ bọ ilẹ̀ níbi tí ó pá, ọ̀bẹ kò wọlé. Ó ní, “Ọyẹ́ kọ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹsẹ̀ wa ni.” Ó fi hàn wá pé koríko Bàhámà lè gbẹ lójú nígbà ọyẹ́, kí gbòǹgbò rẹ̀ sì wà láàyè títí òjò yóò fi dé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ lójoojúmọ́ a máa le. Omi kò ní rí àyè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni gbòǹgbò kò ní rí ọ̀nà. A wò ó dáadáa: ibi tí ó pá náà lọ tààrà láti ẹnu géètì dé yàrá tí a ń kó àga sí. Àwa ni a là á.

Ó tún bá wa wí pé a ń gé koríko náà mọ́lẹ̀ jù. Ewé ni koríko fi ń wá oúnjẹ rẹ̀. Ẹni tí ó bá gé e tán, ebi ni ó fi ń pa á. Kí a má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí òjò rọ̀ dunlẹ̀, a fi ọkọ́ tú ilẹ̀ náà jìn tó ìnṣì 6. A po ìgbẹ́ màlúù tí ó ti jẹrà mọ́ ọn, nítorí èyí tí ó tutù a máa jó gbòǹgbò. A gé ẹ̀ka koríko tí ó ní oríkèé, a gbìn ín ní ìnṣì 6 síra wọn. A na okùn yí i ká fún ọ̀sẹ̀ 8. A sì to òkúta pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, nítorí ènìyàn kò lè ṣe kí ó má rìn. Lónìí, ẹ lọ wò ó.

Ẹ̀yin ará, ǹjẹ́ kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin wa? Oníṣòwò kan wà tí orúkọ rẹ̀ máa ń ṣíwájú nínú gbogbo ìwé ìdáwó wa. Ìkórè dé, òun ni. Òrùlé jò, òun ni. Àlejò dé láti ilé, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni. Nígbà tí ọjà rẹ̀ wó, tí kò yọjú mọ́, a ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tutù. Ọyẹ́ kọ́; ẹsẹ̀ wa ni. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àńjọ̀fẹ́ kú, a kò rí ẹnì kan.

Ọlọ́gbà inú ìtàn Jésù kò gbà kí a gé igi ọ̀pọ̀tọ́ náà. Ó bẹ̀bẹ̀ fún ọdún kan sí i, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú iṣẹ́: láti walẹ̀ yí i ká, kí ó sì bu ajílẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bẹ̀bẹ̀ ni ó gbé ọkọ́.

Nítorí náà, lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé arákùnrin wa ní méjì méjì. Kí a má mú ìwé ìdáwó kankan dání. Kí a kọ́kọ́ sọ pé àwa ni a ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yóò dùn wá, ṣùgbọ́n bí ọkọ́ kò bá wọlẹ̀, ajílẹ̀ orí rẹ̀ ni òjò yóò gbá lọ. Bí ó bá padà wá, ẹ na okùn yí i ká: ẹ má fi í ṣe alága ìkórè lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ẹrù ìjọ kò ní ṣàì wà. Kí gbogbo wa, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò, jọ pín in gbé, kí ó má bàa di pé ẹnì kan ṣoṣo ni a fi ṣe ojú ọ̀nà.

Kí Olúwa rọ òjò rẹ̀ sórí ilẹ̀ wa gbogbo. Àmín.