Ta Ni Ó Jẹ̀bi: Ọmọ tí ó Pa Ènìyàn ni, tàbí Ìlú tí ó Tọ́ Ọ?

Ní ọdún 2008 ni ìwé ìtàn mẹ́ta jáde tẹ̀ léra láti ọwọ́ Brent Weeks, ọmọ Amẹ́ríkà. Night Angel ni àkọlé àpapọ̀ wọn. The Way of Shadows ni ti àkọ́kọ́. Ìtàn ayé àfinúrò ni, idán sì pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀ràn ènìyàn gan-an ni ó gbé kalẹ̀. Nínú Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ẹ̀yìn Lápàdé tí ń lépa ọ̀daràn ni òǹkàwé ń tọ̀. Nínú ìwé Weeks, ẹ̀yìn ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ agbanipa ni.

Azoth ni orúkọ ọmọ náà. Aláìlóbìí ni, ní àdúgbò àwọn òtòṣì ní ìlú Cenaria, níbi tí ẹgbẹ́ ọ̀daràn ti lágbára ju ọba lọ. Àwọn ọmọdé pàápàá ní ẹgbẹ́ olè tiwọn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa san owó ẹgbẹ́. Abẹ́ ilé ọtí ni Azoth ti ń wá owó tí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀mùtí. Rat, ọmọkùnrin kan tí ó jù ú lọ, ń fi ìyà jẹ wọ́n. Azoth bẹ Durzo Blint, ògbólógbòó agbanipa, pé kí ó gba òun ní ọmọ iṣẹ́. Durzo ní kí ó kọ́kọ́ pa Rat láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkàn ọmọ náà kò gbà á. Ó ń fi falẹ̀. Kí ó tó ṣe é, Rat ti ba ojú ọmọdébìnrin tí Azoth fẹ́ràn jẹ́.

Níhìn-ín ni ìbéèrè ti dìde. Ó fẹ́ dà bí ẹni pé àánú ni ẹ̀ṣẹ̀ Azoth. Ṣùgbọ́n Rat ni ó ṣe ọṣẹ́ náà, Durzo tí ó lágbára láti dá a dúró kò sì dá a dúró. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀ fún un. Àgbàlagbà tí ó fi ìpànìyàn ṣe owó ìgbaṣẹ́ jẹ̀bi ju ọmọ tí ó san án lọ. Ìlú náà kò sì lè yọ ara rẹ̀ sílẹ̀: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ṣé ọwọ́ Azoth wá mọ́ ni? Rárá. Ìka tí ó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Òwe yìí kò tako ti ìṣáájú: èkínní ń fi hàn pé ẹ̀bi lè kan ẹni púpọ̀, èkejì kò gbà kí ẹnikẹ́ni sá pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíràn. Jarl, ọ̀rẹ́ Azoth, jẹ irú ìyà kan náà. Síbẹ̀ owó tí ó ti ń fi pamọ́ ni ó kó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyà a máa ti ènìyàn, ṣùgbọ́n kì í yan ọ̀nà fún un.

Inú òǹkàwé a máa dùn nígbà tí ó bá dà bí ẹni pé Rat ti kú. Kí ó kíyè sí ayọ̀ yẹn. Ìkà ni Rat lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí Azoth torí rẹ̀ gbìyànjú láti pa á kì í béèrè bóyá ẹni tí a fẹ́ pa jẹ́ ìkà. Ẹni tí ó sanwó ni ó ń béèrè.