Ẹ̀wù Kékeré Tí Hánà Ń Dá Lọ́dọọdún

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 2:11-26, Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 9:36-42
Orí ọ̀rọ̀: 1 Sámúẹ́lì 2:19

  

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Hánà, ẹkún rẹ̀ ní Ṣílò ni a máa ń sọ jù. A ń sọ bí Pẹ̀nínà ti ń fi ṣe ẹlẹ́yà, bí Élì ti rò pé ó mu ọtí yó, àti bí Ọlọ́run ti dá a lóhùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń parí sí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ kan wà ní orí kejì tí a sábà máa ń kà kọjá. Ẹsẹ náà sọ fún wa pé lẹ́yìn tí Hánà ti fi Sámúẹ́lì fún Olúwa, ó ń dá ẹ̀wù kékeré fún un, ó sì ń mú un lọ fún un lọ́dọọdún nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀ bá gòkè lọ rúbọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wù kékeré yìí ni a fẹ́ bá ara wa sọ, pàápàá àwa tí a fẹ́ràn abẹ́rẹ́ àti òwú, tí a ń hun súwẹ́tà, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́, tí a sì ń bi ara wa léèrè pé níbo ni àyè wà fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ìrìn àjò àti ìtọ́jú ilé.

1. ỌWỌ́ HÁNÀ KÒ DILẸ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé Hánà jẹ́ obìnrin tí kò rí nǹkan ṣe. Ẹsẹ 21 sọ pé lẹ́yìn Sámúẹ́lì, ó tún bí ọmọkùnrin mẹ́ta àti ọmọbìnrin méjì. Ọmọ márùn-ún nínú ilé, ọkọ, orogún, pẹ̀lú ìrìn àjò ọdọọdún láti Rámà sí Ṣílò ní ayé tí kò sí mọ́tò. Síbẹ̀, ẹ̀wù Sámúẹ́lì kò yẹ̀.

Àwa obìnrin Ẹ̀pẹ́ mọ irú ayé yìí dáadáa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn kan nínú wa ti wà ní ọjà ẹja Olúwo. Àwọn mìíràn ti wọ ọkọ̀ lọ sí Ìtóìkín àti Ìkòròdú, àwọn kan sì ti gba ọ̀nà Lẹ́kkí lọ, láti lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé tàbí láti lọ tọ́jú aláìsàn. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó ọkọ̀ nìkan ti di ẹrù sí wa lọ́rùn. Obìnrin a jáde nílé ní òkùnkùn, a sì wọlé ní òkùnkùn. Bí ó bá dé, ìkòkò ń wò ó, iṣẹ́ àmúrelé ọmọ ń wò ó, bàbá ọmọ náà ń wò ó. Níbo ni àyè abẹ́rẹ́ wà?

2. Ẹ̀WÙ KÉKERÉ NI, ÀYÈ KÉKERÉ NI Ó GBÀ

Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀wù kan ṣoṣo ni Bíbélì sọ pé Hánà ń dá fún Sámúẹ́lì ní ọdún kan. Kò gbìyànjú láti dá ogún. Èyí tí agbára rẹ̀ gbé ni ó ṣe, kò sì fi í sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni iṣẹ́ ìhun ń kọ́ wa. Ojú kan ni a ń hun, kí a tó hun ojú kejì. Bí ojú bá pé, ó di ìlà. Bí ìlà bá pọ̀, ó di apá súwẹ́tà. Ìlà méjì ní ibùdókọ̀ nígbà tí awakọ̀ ń dúró kí ọkọ̀ kún, ìlà mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìlà kan nígbà tí ìrẹsì ń hó lórí iná. Abẹ́rẹ́ méjì àti bọ́ọ̀lù òwú kan kò gba àyè púpọ̀ nínú báàgì. Kí oṣù tó parí, súwẹ́tà ọmọ ti pé.

Àwọn ìyá ìyá wa ti mọ ọgbọ́n yìí kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé. Ìyá àgbà a gbé òfì rẹ̀ dúró sí ara ògiri nínú ilé, a hun kíjìpá díẹ̀, a dìde lọ wo ọbẹ̀, a tún padà wá jókòó. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin Ìjẹ̀bú ṣe ń hun aṣọ olónà wọn. Ní etí ọ̀sà wa níhìn-ín, àwọn bàbá wa a máa hun àwọ̀n, wọn a sì máa dí ihò rẹ̀ bí wọ́n ti ń bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Nígbà tí Thomas Birch Freeman gbé iṣẹ́ ìwàásù Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dé Àgbádárìgì ní 1842, tí ilé ìwé míṣọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Irú abẹ́rẹ́ àti irú òwú ti yí padà, ṣùgbọ́n kí a lo àyè kékeré tí Ọlọ́run fún wa kò yí padà.

3. Ó Ń WỌN ỌMỌ NÁÀ NÍNÚ ỌKÀN RẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀. Sámúẹ́lì ń dàgbà. Ẹ̀wù èṣí kò lè gbà á mọ́ ní ọdún yìí. Hánà kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀ láti fi okùn wọn èjìká rẹ̀. Báwo ni ó ṣe mọ bí ọmọ náà ti ga tó? Àwa tí a jẹ́ ìyá lè dáhùn. Yóò wo ọmọ aládùúgbò tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò fi ojú wọn ọmọ náà, yóò sì fi díẹ̀ kún un. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá mú aṣọ náà lọ́wọ́, orúkọ Sámúẹ́lì ni yóò wá sí i lọ́kàn. Bí iṣẹ́ ọwọ́ bá rí bẹ́ẹ̀, àdúrà ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ọmọ rẹ̀ kò sí nílé mọ́. Àwọn kan wà ní Èkó àti Ìbàdàn. Àwọn kan ti kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà níbi tí òtútù gbé ń mú. Ìyá mìíràn wà láàárín wa tí kò tíì gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ rí, inú fóònù ni ó ti ń rí ojú rẹ̀. Fóònù a máa fi ẹ̀rín ọmọ hàn, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí a mọ bí ó ti tóbi tó. Ìyá tí ó jókòó ní Ẹ̀pẹ́ tí ó ń hun fìlà fún ọmọ tí kò tíì rí, ohun tí Hánà ṣe ni ó ń ṣe. Kí ó máa pe orúkọ ọmọ náà sí etí Ọlọ́run bí ó ti ń ka ojú òwú.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé arábìnrin wa tí kò tíì rí ọmọ bí. Ó lè ti hun súwẹ́tà fún ìsọmọlórúkọ mẹ́wàá kí ó má tíì hun fún ti ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ rẹ̀ ṣàwàdà. Hánà pàápàá lọ sí Ṣílò fún ọ̀pọ̀ ọdún láìní ẹ̀wù ọmọ lọ́wọ́. Ọlọ́run tí ó rí i nígbà náà rí arábìnrin wa pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a bá a gbàdúrà, kí a sì ṣọ́ ẹnu wa lọ́dọ̀ rẹ̀.

4. KÌ Í ṢE FÚN TÍTÀ

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti ta iṣẹ́ ọwọ́ ẹni. Obìnrin oníwà rere inú ìwé Òwe orí 31 ń dá aṣọ, ó sì ń tà á. Lídíà tí ó wá láti Tíátírà ń ta aṣọ elésè àlùkò ní Fílípì. Pọ́ọ̀lù tí ó jẹ́ arìnrìn-àjò bá Ákúílà àti Pírísílà pàgọ́ ní Kọ́ríńtì kí ó lè jẹun. Bí súwẹ́tà bá lè san owó ilé ìwé, kí a tà á, kí a sì dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n àkókò tí a wà yìí ń fẹ́ sọ ohun gbogbo di ọjà. Bí ẹnìkan bá rí òwú lọ́wọ́ wa nínú ọkọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé èló ni a ń tà á. Bí a bá ní kì í ṣe títà, wọn a wò wá bí ẹni tí ń fi àkókò ṣòfò. Ẹ̀wù Sámúẹ́lì kò ní iye. Ọkàn obìnrin náà nílò ohun kan tí ó ń ṣe nítorí ìfẹ́ nìkan, tí ẹnikẹ́ni kò ní bá a ná. Olúwa wa fúnra Rẹ̀ rí i pé àwọn ọmọ ẹ̀yìn Rẹ̀ kò ráyè jẹun nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń wọlé tí ń jáde, Ó sì ní kí wọ́n wá sinmi díẹ̀ (Máàkù 6:31). Bí ìdajì wákàtí pẹ̀lú abẹ́rẹ́ bá jẹ́ ìsinmi fún arábìnrin kan, kí a má ṣe pè é ní ọ̀lẹ.

5. IBI TÍ ẸSẸ NÁÀ WÀ

Ẹ ṣí Bíbélì yín, kí ẹ wo ohun tí ó yí ẹ̀wù kékeré yìí ká. Láti ẹsẹ 12 dé 17, ìwà búburú àwọn ọmọ Élì ni. Láti ẹsẹ 22 dé 25, ìwà búburú wọn náà ni. Àárín méjèèjì ni ọ̀rọ̀ Hánà bọ́ sí. Élì àti àwọn ọmọ rẹ̀ jọ wà ní ibi iṣẹ́ kan náà lójoojúmọ́, nínú ilé Olúwa, síbẹ̀ àwọn ọmọ náà ti bàjẹ́ kí ó tó bá wọn wí. Ọ̀nà jìn sí Hánà, síbẹ̀ ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé ẹnìkan ń rò ó.

Èyí tu ìyá tí iṣẹ́ gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn nínú, ó sì jẹ́ ìkìlọ̀ fún ìyá tí ó wà nílé. A lè jókòó ti ọmọ nínú pálọ̀ kan náà kí a má mọ ohun tí ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Abẹ́rẹ́ tí a fẹ́ràn lè di ògiri láàárín àwa àti ará ilé wa. Ọkọ ń sọ̀rọ̀, àwa ń ka ojú. Ọmọ ń pe màmá, àwa ní kí ó jẹ́ kí a parí ìlà yìí. Ẹ̀yin ará, ìlà lè dúró. Ẹ ti ojú òwú sẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ó má baà jábọ́, ẹ gbé e sílẹ̀, kí ẹ sì dá ọmọ lóhùn.

Gbogbo ẹni tí ń hun aṣọ mọ ohun tí ojú kan tí ó jábọ́ lè ṣe. Bí a bá tètè rí i, a ó gbé e padà sórí abẹ́rẹ́, kò sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí a kò bá rí i, yóò máa tú lọ sísàlẹ̀ láti ìlà dé ìlà títí ihò yóò fi là. Nígbà náà, a ní láti tú iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ níta, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a kò bá ọkọ sọ tán, bẹ́ẹ̀ ni ara tí ń dun wá tí a kò fi han dókítà. Ẹ jẹ́ kí a máa wo iṣẹ́ wa lẹ́yìn kí ihò tó là.

6. KÍ NI KÍ A ṢE?

(a) Kí olúkúlùkù tí ó lè hun nǹkan hun fìlà ọmọ tuntun kan kí ìpàdé oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀ tó dé, fún àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní àdúgbò wa. Ọmọ tuntun kì í pẹ́ gba òtútù, pàápàá èyí tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn ìyá nímọ̀ràn láti dé fìlà fún ọmọ tuntun, kí wọ́n wọ aṣọ fún un ní ìpele kan tàbí méjì ju ti àgbàlagbà lọ, kí wọ́n má sì wẹ̀ ẹ́ títí wákàtí 24 yóò fi kọjá. Ẹ̀yin ìyá àgbà tí ẹ máa ń sáré gbé omi kaná, ẹ gbọ́ o! Òwú tí ó rọ̀ ni kí a lò, nítorí ara ọmọ kò gba èyí tí ń ṣán ni.

(b) Kí a kọ́ ọmọ kan ní iṣẹ́ ìhun, ìbáà ṣe ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin. Nígbà tí ọwọ́ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu ọmọ a máa là. Ohun tí kò ní sọ bí a bá dojú kọ ọ́, yóò sọ ọ́ bí a ti jọ ń ka ojú.

(c) Kí a yan ìrọ̀lẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí a kò ní gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ọn, kí a fi fún ilé.

Ní ìparí, ẹ rántí Dọ́kásì ará Jópà. Ìlú etí omi ni Jópà, gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀pẹ́ ti wà létí ọ̀sà. Nígbà tí ó kú, wọ́n ránṣẹ́ pe Pétérù láti Lídà. Àwọn opó dúró tì í, wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń fi àwọn ẹ̀wù tí ó ti dá hàn án. Ẹnikẹ́ni kò ka iye ọjà tí ó tà fún Pétérù. Àwọn aṣọ tí ó ti dá fún wọn ni wọ́n gbé jáde. Kí ni àwọn tí ó sún mọ́ wa yóò rí gbé jáde bí ọjọ́ tiwa bá dé? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́ lónìí.

ÀDÚRÀ: Olúwa, Ìwọ tí ó mọ̀ wá kí a tó dá wa sínú ìyá wa, bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ṣọ́ wa ní ojú ọ̀nà, ní àlọ àti àbọ̀. Ṣọ́ àwọn ọmọ wa níbi tí ọwọ́ wa kò dé. Fi ọmọ fún àwọn tí ń wojú Rẹ. Jẹ́ kí a tètè rí ohun tí ó ń jábọ́ nínú ilé wa, kí o sì fún wa ní ọgbọ́n láti gbé e padà. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.