Ẹyẹ Tí Kò Sí Nínú Igbó

Lékèélékèé tó bá ń múra àtiyé ẹyin kì í funfun tán. Àwọ̀ kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ máa ń jáde sí i lórí, láyà àti lẹ́yìn. Ẹni tó mọ ẹyẹ á rí i, á sì mọ̀ pé àsìkò ọmọ ti dé. Àmọ́ àwọ̀ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ oníkámẹ́rà kọ́kọ́ ń pa rẹ́ bí wọ́n bá gbé fọ́tò sórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n rò pé ẹrẹ̀ ni. Wọ́n á fọ ẹyẹ mọ́ pátápátá, wọ́n á pààrọ̀ òfuurufú tó ṣú, wọ́n á tún yọ màálù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tú tata sókè fún un jẹ. Lékèélékèé láìsí màálù! Gbogbo wa á sì máa kí wọn kú iṣẹ́.

N kò bá ẹni tó ń tún fọ́tò ṣe jà. Kámẹ́rà kò ríran tó ojú wa. Bí oòrùn ọ̀sán bá kọ lu ìyẹ́ funfun, gbogbo rẹ̀ á di ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá dín ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kù títí ìyẹ́ fi yàtọ̀ síra, ohun tó wà níbẹ̀ ló bá wa wá jáde. Àwọn tó ń fọ fọ́tò nínú yàrá òkùnkùn láyé ọjọ́un náà ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń dùn mí ni kí èèyàn fi ohun tí ojú rẹ̀ kò rí síbẹ̀, kó sì ní òun rí i.

Ẹyẹ kan wà, ìbátan ẹ̀gà, tí Elgood tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì Ìbàdàn kọ nípa rẹ̀ fún ayé ní 1958, tó sì fi orúkọ ìlú náà pè: Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Dúdú àti pupa ni, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ìbátan rẹ̀. Ibi tí pupa dé lára akọ ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀: ọ̀kan pọ́n lórí títí dé ẹ̀yìn ọrùn, òmíràn pọ́n lọ́fun àti láyà, ti Ìbàdàn pọ́n láti orí wá sí àyà, ojú rẹ̀ sì dúdú. Ẹni tó kàn fẹ́ kí pupa náà tàn, tó fà á kọjá ààlà rẹ̀ díẹ̀, ti sọ ẹyẹ kan di òmíràn. Àwọn ẹ̀rọ AI tó ń dá ìyẹ́ sí ibi tí àwòrán ti ṣú tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹ́ tó jọ ìyẹ́ ni wọ́n mọ̀, wọn ò mọ ẹyẹ.

Irọ́ lórí ẹyẹ ti pẹ́. Láti 1892 títí dé 1930, àwọn ẹyẹ tó ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ya wọ ìwé àkọsílẹ̀ láti agbègbè Hastings, òkú ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gba ọwọ́ George Bristow, ẹni tó ń ki awọ ẹyẹ, kọjá. Nígbà tí wọ́n fura sí i, Bristow ní ọwọ́ òun mọ́. Ní 1962, ìwé ìròyìn British Birds tú àwọn àkọsílẹ̀ náà wò, wọ́n sì pa irú ẹyẹ tó lé ní ogún rẹ́ kúrò nínú ìwé ẹyẹ orílẹ̀-èdè náà. Irọ́ tó bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Ohun tó ká mi lára jù ni pé ẹyẹ tí àwọn olóòótọ́ rí níbẹ̀ bá ti èké lọ.

Ìyìn la ń wá. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Oníkámẹ́rà tó fi ara rẹ̀ fún ẹ̀fọn jẹ láti ìdájí náà kò fẹ́ délé lọ́wọ́ òfo. Ẹlòmíràn tilẹ̀ á gé ewé tó bo ìtẹ́ kí kámẹ́rà lè ríran. Àṣá náà á ríran.

Láàárín àwọn ọdẹ, ẹni tó bá rí ẹtu tó ní ẹfọ̀n lòun rí, wọ́n á ní kó mú àwọn dé ibi ipasẹ̀. Fáìlì RAW, ìyẹn àwòrán bí kámẹ́rà ṣe gbà á kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe, ni ipasẹ̀ ti kámẹ́rà. Òun ni àwọn onídàájọ́ ìdíje ńláńlá ń béèrè. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa á rẹ́. Bí ẹ bá yọ ẹ̀ka kan, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán. Bí òfuurufú bá jẹ́ ti ọjọ́ mìíràn, ẹ sọ ọ́. Bí ẹyẹ bá sì ń sàba, ẹ fi í sílẹ̀.