Ẹ̀bi Ta Ni Bí Ọmọ Bá Ṣìnà?

Bíbélì fún Ẹ̀kọ́: Ésékíẹ́lì 18:1-20, II Ọba 21:1-2, 22:1-2, Éfésù 6:4.

"Ẹni bíni làá jọ," ni àwọn àgbà wí. Nítorí náà, bí ọmọ bá yà kúrò ní ọ̀nà rere, ojú òbí ni a kọ́kọ́ ń wò. Àwọn òbí mìíràn wà nínú ìjọ tí wọn kò lè gbójú sókè mọ́ nítorí ọmọ kan. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a di ẹ̀bi ọmọ ru òbí? Ẹ jẹ́ kí a fi ìdílé ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò.

1. Ọmọ tí a kọ́ gidigidi
Ọba Edward Keje, ẹni tí Aláké Gbádébọ̀ Kìn-ín-ní lọ kí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1904, ni àkọ́bí ọkùnrin Ọbabìnrin Victoria àti Albert ọkọ rẹ̀. A bí i ní 1841. Àwọn kan lára àwọn arákùnrin bàbá Victoria ti gbé ìgbé ayé ìtìjú, àwọn òbí yìí sì pinnu pé ọmọ tiwọn kò ní rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba olùkọ́ tì í, wọ́n fi ẹ̀kọ́ kún ọjọ́ rẹ̀, agbára káká ni ó fi ń rí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣeré. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé wọn kò kọ́ ọ. Síbẹ̀, ní 1861, ní àgọ́ ológun ní Ireland, ó bá òṣèré obìnrin kan ṣe ìṣekúṣe. Ó fẹ́ Alexandra ará Denmark ní 1863, wọ́n bí ọmọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò fi àlè yíyàn sílẹ̀. Ní 1891, ó jẹ́rìí ní kóòtù nínú ẹjọ́ tí tẹ́tẹ́ títa dá sílẹ̀.

2. Ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀
Nígbà tí Albert gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ireland, ara rẹ̀ kò yá, síbẹ̀ ó lọ bá ọmọ náà ní Cambridge. Ó bá a wí, ó sì dárí jì í. Ní ọjọ́ 14 oṣù December 1861, Albert kú. Àwọn oníṣègùn ní ibà táífọ́ọ̀dù ni, ṣùgbọ́n Victoria gbà pé ìbànújẹ́ nítorí ọmọ ni ó pa á. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun kò lè wo ọmọ náà láìgbọ̀n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò jẹ́ kí ó ní ipa gidi nínú ìjọba. Ẹni ọdún 59 ni nígbà tí ó jọba ní 1901.

Edward ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀ tí yóò jíhìn fún. Ikú bàbá rẹ̀ kò sí lára rẹ̀. Ẹ̀bi tí a dì rù ú yìí kò sì mú un ronú pìwà dà kúrò nínú èyí tí ó jẹ́ tirẹ̀.

3. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni yóò jíhìn
George Karùn-ún, ọmọ Edward, kò tọ ọ̀nà bàbá rẹ̀. Ìyàwó kan ni ó bá gbé. Ṣùgbọ́n Edward Kẹjọ, àkọ́bí George yìí, kò jọba tó ọdún kan kí ó tó fi adé sílẹ̀ ní 1936 nítorí obìnrin tí ó fẹ́ fẹ́, ẹni tí ó ti kọ ọkọ kan sílẹ̀, tí ó sì ń kọ èkejì lọ́wọ́. Àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ bàbá àti ìyá kan náà, ni ó gba adé, ó sì dúró ṣinṣin.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Júdà: Hesekáyà olódodo bí Mánásè búburú, Ámónì búburú sì bí Jòsáyà rere. Ohun tí Ésékíẹ́lì kọ́ni nìyí: ọkàn kọ̀ọ̀kan ni yóò dúró fún ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run.

Ṣé òbí kò wá ní iṣẹ́ kankan ni? Ó ní. Pọ́ọ̀lù sọ ọ́ fún àwọn bàbá: kí wọ́n tọ́ ọmọ nínú Olúwa, kí wọ́n má sì fi ìnira sọ ọkàn rẹ̀ di kíkorò. Òbí tí kò ṣe iṣẹ́ yìí yóò dáhùn fún àìṣe rẹ̀. Èyí tí ó ṣe é, tí ọmọ sì kọ̀, kí ó gbé orí rẹ̀ sókè, kí ó máa gbàdúrà, kí ó má sì ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tí kò rí ojú ìdáríjì nílé, níbo ni yóò padà sí?

Ìbéèrè fún Ìjíròrò
1. Báwo ni a ṣe lè bá ọmọ wí láì di ẹ̀bi ẹlòmíràn rù ú?
2. Kí ni ìjọ wa lè ṣe fún òbí tí ọmọ rẹ̀ ti ṣìnà?