Ilẹ̀kùn Ọkàn Kanu

Ẹ ka Aísáyà 38:1-5 àti 21.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rántí ọdún 1996 tí ìdíje Òlíńpíìkì wá sí Atlanta. Athens ni wọ́n ti gbá àṣekágbá bọ́ọ̀lù, ìrìn tí kò tó wákàtí méjì sí Forest Park wa níbí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Keje, Brazil ti na Nàìjíríà ní ayò 3 sí 1. Victor Ikpeba dá ọ̀kan padà. Nwankwo Kanu, balógun ẹgbẹ́, gbá ẹ̀kẹta wọlé nígbà tí àkókò ń tán lọ, ó sì gbá ẹ̀kẹrin ní àfikún àkókò. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ wọ́n na Argentina 3 sí 2, wọ́n gba wúrà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Kanu pé ọmọ 20 ọdún ni.

Kò sí ẹni tó mọ̀ pé ọkàn ọmọ náà ní àbùkù. Nígbà tó dé Inter Milan ní Ítálì, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀kùn kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara kò ṣiṣẹ́ bó ti yẹ. (Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n: irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa sáré, kó máa rẹ́rìn-ín, títí ọjọ́ tí yóò ṣubú.) Wọ́n ní bọ́ọ̀lù ti parí fún un. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní Cleveland, ìpínlẹ̀ Ohio. Ní 1997 ó padà sórí pápá; ó gbá bọ́ọ̀lù fún Arsenal, ó sì bá Nàìjíríà lọ sí Ife Àgbáyé 2010. Ní ọdún 2000 ó dá Kanu Heart Foundation sílẹ̀, láti ran àwọn ọmọdé tí ọkàn wọn ní àbùkù lọ́wọ́ kí wọ́n lè rí iṣẹ́ abẹ ṣe.

Àyẹ̀wò tó dà bí ìròyìn búburú yẹn gan-an ni àánú tó dé bá a. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí àwọn ará wa lọ yẹ ara wọn wò, wọn á ní, “Mi ò ní ṣàìsàn lórúkọ Jésù.” Ó ti sú mi í gbọ́. Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé Hesekáyà, síbẹ̀ Aísáyà ní kí wọ́n fi èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀. Ṣé ẹni tó gbàdúrà tó sì gba oògùn kò nígbàgbọ́ ni?

Mo mọ̀ pé àwọn kan kò ní inṣọ́ránsì, àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ méjì, wọn kò ráyè. Nítorí náà, lẹ́yìn ìsìn Sunday tó ń bọ̀, mo ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Kò lè rí ilẹ̀kùn ọkàn, ṣùgbọ́n yóò fi ẹni tó yẹ kó tètè rí dókítà hàn. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin bàbá tó máa ń gba ẹ̀yìn jáde, mo ti bá àwọn ìyàwó yín sọ̀rọ̀.