Ta Ló Ń Gun Alùpùpù Yẹn?

Ẹni tó bá gbọ́ "Born to Be Wild" á ti mọ̀ pé orin ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bi òun pé "níbo lò ń lọ?" ni. Ọdún 1968 ni ẹgbẹ́ olórin Steppenwolf gbé e jáde, ó sì dé ipò kejì lórí àtẹ Billboard ní Amẹ́ríkà. Alùpùpù, ọ̀nà tó gùn, atẹ́gùn lójú. Kò sí owó iléèwé àbúrò, kò sí ìpè WhatsApp láàárín òru. Ta ni kò ní wù nínú wa?

Àmọ́ ẹ wo ẹni tó fi ohùn rẹ̀ kọ ọ́. Ìlú Tilsit ni wọ́n bí John Kay sí ní 1944, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Jámánì. Ogun ti pa bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ìyá rẹ̀ gbé e sá fún àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá yìí kan náà tún mú un gba ẹnubodè kọjá ní bòńkẹ́lẹ́, láti ìlà-oòrùn Jámánì bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn. Ní 1958, wọ́n dé Kánádà. Ojú ẹ̀ kò sì dára: kì í rí àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń pa á lójú, afọ́jú lòfin kà á sí. Kí ló wá kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ kan alùpùpù? (Mars Bonfire tó kọ ọ̀rọ̀ orin náà gan-an, Ford Falcon àlòkù ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rà nígbà náà.)

Fíìmù Easy Rider ti 1969 ló sọ ọ́ di orin àwọn aláìbìkítà. Àwọn méjì ta kokéènì, wọ́n fi owó rẹ̀ pamọ́ sínú táńkì epo, wọ́n forí lé New Orleans.

Lédè tiwa, èébú ni àìbìkítà, àdúrà sì ni ìfọ̀kànbalẹ̀. Èwo ni orin yìí ń tọrọ? Lójú tèmi, ẹni tí wọ́n ti fi ìbọn ṣọ́ ẹnubodè dè rí, tó wá ń kọrin ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀, ìfọ̀kànbalẹ̀ ló ń wá. Ká máa lọ láìwẹ̀yìn ni. Kò ní kí á má rántí ẹni tó gbé wa kọjá.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti kàn wá. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n yí nọ́ńbà padà kí ará ilé má baà rí wọn pè mọ́, wọ́n ní àwọn ti gba òmìnira. Mi ò kàn ní bú wọn, torí àwọn ẹbí kan ò mọ ìgbà tó tó. Ṣùgbọ́n ẹlòmíì ta ilẹ̀ kí físà tiwa tó jáde, àbí? A lè san owó ilẹ̀ yẹn tán. Ẹni tó tà á ṣì máa fẹ́ gbọ́ ohùn wa. Tó bá ti sú yín, ẹ pa fóònù náà di ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ sùn. Ìyẹn yàtọ̀ sí kéèyàn yí nọ́ńbà.